Kì Í Ṣe Gbogbo Aṣọ Là Ń Sá Lóòrùn: Ẹ̀kọ́ Nípa Àṣírí Àwọn Ọmọ Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin olóore tí ẹ ń fi sàkáà àti sàráà yín gbé àwọn ọmọ òrukàn ró ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní àwọn ìlú Afijió yòókù, a kí yín kú iṣẹ́ ẹ̀sìn.

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí bí a óò ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa kí wọ́n má máa sọ ohun tí ó jẹ́ ti ara wọn fún ẹni tí wọn kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a pè ní ti ara wọn ni orúkọ wọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ ìbí wọn, ilé tí wọ́n ń gbé, iléèwé tí wọ́n ń lọ, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn, àti fọ́tò ara wọn. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn sàkáà nínú èyí. Ó kàn án gidigidi, ẹ óò sì rí i kí a tó parí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Nígbà náà, a kò fi í ṣe ju ká pe èèyàn lọ, owó káàdì sì wọ́n débi pé a kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ayé ti yí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, fóònù kan ṣoṣo ni ìyá fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, òun náà ni àlẹ́ẹ̀tì báǹkì ń wọlé sí, òun náà ni ọmọ ọdún mẹ́wàá fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, òun náà ni àbúrò rẹ̀ fi ń wo fíìmù. Ọmọ tí ó bá mú fóònù ìyá rẹ̀ dání, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ni ó mú dání.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí a óò bá pàdé ni pé ẹ̀kọ́ ilé tí a ti fún àwọn ọmọ wa dà bí ẹni pé ó tako ẹ̀kọ́ yìí. Bí ọmọ kan bá ń kọjá lọ ní Ìlọrà, tí àgbàlagbà kan pè é tí ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Agbo ilé wo lẹ ti wá?", bí ọmọ náà bá dákẹ́, gbogbo wa ni a óò sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó gbọ́dọ̀ kí àgbà náà, kí ó dárúkọ bàbá rẹ̀, kí ó dárúkọ agbo ilé rẹ̀, kí ó tó máa lọ. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, a kò sì fẹ́ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Àgbà tí ó bi ọmọ ní ìbéèrè yẹn dúró níbẹ̀, ọmọ ń rí ojú rẹ̀. Bí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n, tí ó bá délé tí ó ní, "Ẹ̀yin màmá, bàbá kan tí ó wọ dànṣíkí aláró pè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláásí," ìyá rẹ̀ yóò mọ ẹni náà, yóò sì mọ ilé rẹ̀. Ìbéèrè náà ní ojú, ó ní ilé, ó sì ní ẹni tí a lè lọ bá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí ó ń béèrè lórí fóònù kò ní ojú kankan. Ó lè fi fọ́tò ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá síwájú orúkọ rẹ̀ kí ó sì jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún. Ó lè pe ara rẹ̀ ní àǹtí, ó lè pe ara rẹ̀ ní áfáà, ó tilẹ̀ lè fi sálámà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ọkàn ọmọ baà lè balẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó dá àgbà lóhùn yóò dá a lóhùn. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ọmọ náà ń ṣe; ẹ̀kọ́ tí a fún un ni ó ń tẹ̀lé. Ìdí nìyí tí kíkìlọ̀ nìkan kò fi tó. "Má bá ẹni tí o kò mọ̀ sọ̀rọ̀" kò yé ọmọ tí a ti ń sọ fún láti kékeré pé kí ó kí gbogbo àgbà tí ó bá rí.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé àṣírí pípamọ́ jẹ́ ohun àjèjì tí òyìnbó mú wá. Àwọn bàbá wa kì í ka ọmọ fún àlejò. Bí ẹ bá bi ìyá àgbà kan ní Fìdítì pé ọmọ mélòó ni ó bí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní Ọlọ́hun ni ó mọ iye wọn. Bí ìyàwó ilé bá lóyún, a kì í polongo rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe èyí nítorí ìbẹ̀rù ayé, a kò sì ní fi ìbẹ̀rù ayé kọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí, nítorí Ọlọ́hun tó fún gbogbo ẹrú Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a mú: ohun rere pàápàá, a kì í gbé gbogbo rẹ̀ síta.

Ohun tí Ànábì Yàkúbù kọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn gan-an. Nínú Súúrátu Yúsúfù, orí kejìlá nínú Àlùkùránì, Yúsúfù sọ àlá rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, àlá ìràwọ̀ mọ́kànlá, oòrùn àti òṣùpá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ìròyìn ayọ̀ ni. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi dá a lóhùn, pé kí ó má rọ́ àlá náà fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n má baà dète sí i. Ẹsẹ̀ karùn-ún ni ẹ óò ti rí i. Ẹ kíyè sí i pé Yàkúbù sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà. Kò kàn pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún kíyè sí i pé kò ní kí ó purọ́. Ó ní kí ó má sọ ọ́, ó tán. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà, kí ọmọ sọ òtítọ́ tàbí kí ó parọ́. Dídákẹ́ wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan sì kù tí ó ṣe pàtàkì jù: Yúsúfù ní bàbá tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ fún. Ọmọ tí kò bá rí ẹni sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún nílé yóò wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún lórí fóònù.

Imam Muslim gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Ánásì ọmọ Máálíkì, tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó ń bá àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nígbà tí Ànábì dé ọ̀dọ̀ wọn, ó kí wọn, ó sì rán an níṣẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dá a dúró, ó ní Ànábì ni ó rán òun níṣẹ́. Ìyá tún béèrè pé iṣẹ́ wo ni, Ánásì ní àṣírí ni. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì bínú. Ó ní kí ó má ṣe sọ àṣírí òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ẹnikẹ́ni. Ánásì dàgbà, kò sọ ọ́ fún Sáábítì tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ràn.

Mo mọ̀ pé bí a bá ń kà á fún àwọn ọmọ ilé kéwú, ẹnìkan lè ti ibẹ̀ mú ẹ̀kọ́ tí kò tọ́. Ó lè sọ pé, "Ánásì kò sọ fún ìyá rẹ̀, nítorí náà èmi náà lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ìyá mi." Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ìyá Ánásì ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ lé Ànábì lọ́wọ́. Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó mọ ìwà rẹ̀, ó sì mọ ilé rẹ̀. Ọmọ náà kò fi í pamọ́ pé ẹnìkan rán òun níṣẹ́ tàbí ẹni tí ó rán òun. Ẹni tí ó wà lórí fóònù tí ó ń sọ fún ọmọ pé "Má sọ fún màmá ẹ" kò jọ èyí rárá. Gbogbo ẹni tí ó bá sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ, òun gan-an ni ẹni tí ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ́ ọmọ yín ní ohun mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ kọ́ ọ ní èyí.

Ẹ̀sìn wa tún ṣe òfin ìyọ̀ǹda. Nínú Súúrátu Nnúúr, ẹsẹ̀ kejìdínlọ́gọ́ta, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà pàápàá máa gba àṣẹ kí wọ́n tó wọlé bá àgbà nígbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun àárọ̀, ní ọ̀sán nígbà tí a bá bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun alẹ́. Bí ojú ọmọ inú ilé bá nílò àṣẹ ní àkókò wọ̀nyẹn, ojú fóònù ńkọ́? Ọmọ mìíràn á ti máa ṣe fídíò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ìyá rẹ̀ á sì máa ró ìró lẹ́yìn rẹ̀ láìmọ̀. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ọkùnrin kan yọjú láti inú ihò wo inú ilé Ànábì, tí Ànábì sì sọ fún un pé nítorí ojú ni a ṣe ní kí a máa gba àṣẹ. Fóònù ni ihò náà lónìí, àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì ń la ihò náà láti inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ lo àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kan gbé fọ́tò ara rẹ̀ sórí Facebook, ó ní òun pé ọdún 12 lónìí. Aṣọ iléèwé ni ó wọ̀, báàjì iléèwé sì hàn láyà rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ya fọ́tò níwájú ilé, pátákó mọ́sáláásí àdúgbò sì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ya ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ta ọsàn lẹ́bàá títì Fìdítì. Ní ọjọ́ kan ó wá kọ ọ́ pé, "Màmá ti lọ sí Bódìjà, àwa nìkan la wà nílé." Kò sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó burú bí a bá wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó wọn pọ̀ ti mọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iléèwé rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀, àti ọjọ́ tí ìyá kò sí nílé. Ó lè lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé kí ó pe ọmọ náà ní orúkọ, kí ó ní, "Màmá ẹ ló rán mi wá, wọ́n ṣubú ní Bódìjà." Ọmọ wo ni kò ní tẹ̀ lé e?

Àwọn baba wa ní ìdáhùn sí èyí kí fóònù tó dé. Bí wọ́n bá rán èèyàn níṣẹ́ pàtàkì, wọ́n á fún un ní àrokò, bóyá òrùka tàbí fìlà tí ẹni tí a rán an sí mọ̀ dájú, kí onítọ̀hún lè gbà pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ ti wá. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àrokò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kì báà jẹ́ orúkọ ewúrẹ́ ilé tàbí oúnjẹ kan, tí ìyá, bàbá tàbí alágbàtọ́ pẹ̀lú ọmọ nìkan mọ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ mọ orúkọ gbogbo ará ilé, ọmọ kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni irú nǹkan yìí ń bá. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọmọbìnrin ẹni ọdún 24 kan tí ó ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi, ọmọ ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbéra lọ sí Èkó. Ó ń ṣòwò aṣọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó lọ pàdé, wọ́n sì mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní FESTAC. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn. Ọ̀pọ̀ yín ni yóò rántí orúkọ rẹ̀. A kò kọ ọ́ síbí nítorí àwọn òbí rẹ̀. Bí ẹni tí ó ti gboyè, tí ọ̀gágun bí, bá lè bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ọmọ ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ ti kú?

Nípa owó, ọ̀rọ̀ kò gùn. Nọ́ńbà BVN tí àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, nọ́ńbà NIN, píìnì ATM, àti nọ́ńbà tí báǹkì fi ń ránṣẹ́ sórí fóònù nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ wọ àkáǹtì: ọmọ kò gbọdọ̀ kà wọ́n sí etí ẹnikẹ́ni, bí ẹni náà tilẹ̀ ní láti báǹkì ni òun ti ń pè. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ní ọ̀sán, ọmọ ni ó sábà máa ń gbé ìpè. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra JAMB náà, láti ọdún 2021 ni a ti ń béèrè NIN lọ́wọ́ wọn, tí ìwé NIN sì ń bá wọn rìn káàkiri. Kí wọ́n má ya fọ́tò rẹ̀ sí gúrúpù kíláàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi èsì ìdánwò wọn yọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ bo nọ́ńbà ìdánwò wọn kí wọ́n tó yà á.

Lórí ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn mí. WhatsApp àti Facebook ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ lò wọ́n. Àwa òbí ni a ń bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ ọ́ pé ó ti pé ogún ọdún. Irọ́ ni, ojú ọmọ ni a sì ti pa á. Yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá. Láti oṣù kìíní ọdún 2021 ni TikTok ti ń fi ojú pamọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ọmọ bá fọwọ́ sí nìkan ni ó lè rí ohun tí ó gbé síbẹ̀. Ọmọ tí a ti sọ di ẹni ogún ọdún kò ní jẹ àǹfààní yẹn. Àgbà ni wọn yóò kà á sí, àwọn àgbà ni wọn yóò sì fi í hàn.

Kí wá ni kí ọmọ sọ bí àjèjì bá bi í ní ìbéèrè? Ẹ má jẹ́ kí ó bú èèyàn, ẹ má sì jẹ́ kí ó purọ́. Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá màmá mi sọ̀rọ̀." Bí àgbà gidi ni, inú rẹ̀ yóò dùn pé ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́tàn, yóò sá lọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ìrun alẹ́, kí ẹ ṣe bí àjèjì, kí ẹ máa bi í ní ìbéèrè, kí òun máa dáhùn. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, yóò mọ́ ọn lẹ́nu bí súúrà kékeré. Ẹ tún ṣí WhatsApp fóònù yín, ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ Privacy sí, kí ẹ fi fọ́tò yín àti ẹ̀tọ́ láti fà yín sínú gúrúpù mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ní nọ́ńbà wọn nìkan. Bí kò bá yé yín, ẹ pe ọ̀dọ́ kan nínú jámáà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa la dé yìí. Kí a tó lè fi sàkáà ran ilé kan lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó tọ́ sí wọn. Jíjẹ́ ọmọ òrukàn nìkan kò sọ ọmọ di ẹni tí ó lè gba sàkáà. Ẹ̀yà mẹ́jọ ni Súúrátu Tawba kà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọgọ́ta, àìní ni ó sì ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn wọlé síbẹ̀. Nítorí náà, a ń bi opó léèrè iye tí ó ń rí lójúmọ́, yàrá mélòó ni wọ́n ń gbé, gbèsè tí ọkọ fi sílẹ̀, nígbà mìíràn àìsàn tí ó pa ọkọ. Ó ń sọ ọ́ fún wa nítorí pé kò ní ọ̀nà mìíràn. Amánà ni. Kò fún wa kí a lè fi ṣe ìròyìn.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìpín, kì í ṣe ní ẹgbẹ́ wa nìkan. A óò to àwọn ọmọ sí ìlà, a óò gbé àpò ìrẹsì síwájú wọn, pátákó tí a kọ "ọmọ òrukàn" sí á wà lẹ́yìn wọn, fọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀. Kí a tó kírun ọ̀sán tán, ó ti wà ní gúrúpù mẹ́wàá, pẹ̀lú orúkọ ọmọ, ìlú rẹ̀ àti iléèwé rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ní kí ọmọ má sọ nípa ara rẹ̀ fún àjèjì, àwa ti bá a sọ ọ́. A sì fi ọ̀kan kún un tí ó léwu ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé ọmọ yìí kò ní bàbá. Ẹni tí ó ń wá ọmọ tí kò ní alábòójútó kò tún ní láti wá jìnnà. Oníjìbìtì pẹ̀lú lè mú fọ́tò kan náà, kí ó fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ sísàlẹ̀, kí ó máa fi tọrọ owó.

Ọmọ náà yóò sì dàgbà. Ó lè di olùkọ́, ó lè di dókítà, ó lè fẹ́ ìyàwó. Fọ́tò tí ó ti ń gba gààrí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò ṣì wà níbi tí a gbé e sí. Súúrátu Nnisaa, ẹsẹ̀ kẹfà, ní kí a dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó, bí a bá sì rí i pé wọ́n ti gbọ́n, kí a dá ohun ìní wọn padà fún wọn. Ní tèmi, mo ka ojú àti orúkọ ọmọ mọ́ ohun ìní rẹ̀. Àwa alágbàtọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti ná an kí ó tó bàlágà.

Òfin ìjọba náà sọ ọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 fún gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìròyìn ara ẹni, ó sì wà nínú rẹ̀ pé ẹni tí ó bá ń lo ìròyìn ọmọdé gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, àyàfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ní Kenya, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó irú òfin bẹ́ẹ̀ bu owó ìtanràn 4,550,000 ṣílè ilẹ̀ wọn lé iléèwé kan lórí nítorí pé wọ́n gbé fọ́tò àwọn ọmọdé síta láìgba ìyọ̀ǹda àwọn òbí.

Mo mọ ohun tí àwọn olóore wa yóò sọ. Ẹni tí ó yọ sàkáà rẹ̀ fẹ́ mọ̀ pé ó dé ibi tí ó yẹ. Ẹ̀tọ́ ni, a kò sì ní fi àṣírí ọmọ bo àìṣòótọ́ mọ́lẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrátu Bakara, ẹsẹ̀ 271, pé bí a bá fi ọrẹ hàn, ó dára, bí a bá sì fún àwọn aláìní ní ìkọ̀kọ̀, ó tún dára jù. Ọrẹ ni a lè fi hàn. N kò rí i níbẹ̀ pé kí a fi ojú aláìní hàn. Láti ìpín tí ó ń bọ̀, iye owó tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye ọmọ tí a ran lọ́wọ́ àti ohun tí a rà ni a óò máa tẹ̀ sínú ìwé yìí. Nọ́ńbà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní, kì í ṣe orúkọ. Fọ́tò àpò ìrẹsì, ìwé àti aṣọ iléèwé yóò wà, láìsí ojú ọmọ kankan. Ìwé orúkọ yóò wà nínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́, olùyẹ̀wò owó wa yóò máa fi wé ìwé ìsanwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ kan tọ́, kí ó wá bá ìgbìmọ̀, kí a jọ lọ kí ìyá rẹ̀ nílé bí ó bá gbà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Ọmọ mìíràn ti fi fọ́tò tí kò yẹ ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹni náà sì ń halẹ̀ mọ́ ọn pé kí ó fi owó ránṣẹ́ tàbí kí òun tú u síta. Ẹ má na ọmọ náà. Ọmọ tí a bá nà lónìí kò ní sọ tọ̀la fún wa. Ẹ má san owó, nítorí ẹni tí ó gba ti àkọ́kọ́ yóò béèrè èkejì. Ẹ má pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù. Ẹ fi fóònù mìíràn ya fọ́tò wọn pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ ẹni náà, kí ẹ tó dí i lọ́nà. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní ọdún 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa tan ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣekúṣe. Bí ojú bá ń ti ìyá láti dá lọ, kí ó bá àwọn ìyá ìgbìmọ̀ wa sọ̀rọ̀, ẹnìkan nínú wọn yóò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní dé gúrúpù kankan.

Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tuntun wà lọ́dọ̀ akọ̀wé fún gbogbo ìyá àti alágbàtọ́, a ó sì máa kà á fún ẹni tí kò bá mọ̀wé kà kí ó tó tẹ̀ka. Ìyá tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i kò ní pàdánù ohunkóhun nínú ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí fọ́tò ìpín àtijọ́ ṣì wà lórí Facebook yín tàbí nínú gúrúpù yín, a bẹ̀ yín, ẹ yọ wọ́n kúrò kí ìpín tí ó ń bọ̀ tó dé.